Oríta Tó Wà Lójú Ọ̀run: Bí Ilé Ẹ̀kọ́ Girama Kan Ṣe Tú Àṣírí Ìjọba Soviet

Ìtàn amí ni mo gbé wá lónìí. Ṣùgbọ́n amí inú ìtàn yìí kò gbé ìbọn, kò sì gba owó lọ́wọ́ ìjọba kankan. Tíṣà ni. Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, ọmọ ilé ìwé ni wọ́n. Irinṣẹ́ wọn ò ju rédíò, aago, máàpù àti ìwé ìṣirò lọ.

Lọ́dún 1966, àwọn èèyàn yìí jókòó sí ilé ìwé wọn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi ìka tọ́ ibì kan nínú igbó àríwá Rọ́ṣíà. Wọ́n ní ibẹ̀ ni ìjọba Soviet Union ti ń rán sátẹ́láìtì lọ sókè láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìjọba náà ò dá wọn lóhùn. Ọdún 17 ló kọjá kó tó jẹ́wọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ gbọ́ ná. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sátẹ́láìtì ló ń yí ayé po. Àwọn kan ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá fún wa, àwọn kan ń wo ojú ọjọ́, àwọn kan sì ń ya fọ́tò orí òrùlé wa láìtọrọ àyè lọ́wọ́ wa. Àwọn kan wà tí ìjọba tó ni wọ́n ò fẹ́ kí á mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀ rárá. Ìbéèrè mi lónìí ni pé: ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tó ń kọjá lórí wa? Ẹ jẹ́ ká lọ bá àwọn tó kọ́kọ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn dá ìbéèrè yẹn lóhùn.

Tíṣà méjì àti rédíò kan

Kettering ni wọ́n ń pe ìlú náà. Ìlú kékeré ni, ní agbègbè Northamptonshire, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan wà níbẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin. Geoffrey Perry ń kọ́ wọn ní físíìsì, Derek Slater ń kọ́ wọn ní kẹ́mísírì. Slater yìí fẹ́ràn rédíò gan-an. Ó wà lára àwọn tí wọ́n máa ń jókòó sílé, tí wọ́n á máa fi rédíò tiwọn bá ẹni tó wà lókè òkun sọ̀rọ̀.

Ní oṣù May 1960, ìjọba Soviet rán Sputnik 4 lọ sókè. Slater yí rédíò rẹ̀ sí ibi tí sátẹ́láìtì náà ti ń ké, nítòsí 20 MHz, ó sì gbọ́ ọ. Nígbà tí Perry gbọ́ ohùn yẹn, ọgbọ́n tíṣà ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ẹ̀kọ́ kan wà nínú físíìsì tí wọ́n ń pè ní Doppler, tó máa ń ṣòro fún àwọn ọmọ láti lóye lójú bọ́ọ̀dù. Ní báyìí, ẹ̀kọ́ náà ti ń kọjá lórí ilé ìwé wọn fúnra rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́.

Ẹ̀yin náà mọ Doppler, bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ti gbàgbé orúkọ rẹ̀. Ẹ dúró létí títì márosẹ̀. Ọkọ̀ kan ń bọ̀ láti òkèèrè, dírẹ́bà tẹ fèrè mọ́lẹ̀, kò sì gbé ọwọ́ kúrò. Bí ó ti ń bọ̀, ohùn fèrè náà á máa dún lókè. Bó bá ti kọjá níwájú yín báyìí, ohùn yẹn á já wálẹ̀. Fèrè ò yí padà o. Eré tí ọkọ̀ ń sá ló ń fún ìgbì ohùn náà pọ̀ nígbà tó ń bọ̀, òun náà ló sì ń fà á gùn nígbà tó ń lọ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìgbì rédíò sátẹ́láìtì ṣe máa ń ṣe. Sátẹ́láìtì tó wà nítòsí ayé ń sáré ju kìlómítà 7 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bẹ́ ẹ bá ní rédíò tó dáa àti aago tó pé, ẹ lè kọ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń já wálẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà tó bá já wálẹ̀ kíákíá jù, ìgbà yẹn gan-an ló sún mọ́ yín jù. Bó bá já wálẹ̀ wàràwàrà, ó sún mọ́ yín pẹ́kípẹ́kí nìyẹn. Bó bá rọra ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀nà jíjìn ló gbà kọjá. Láti inú ohùn nìkan, ẹ ti mọ ìgbà tó kọjá, ẹ sì ti mọ bó ṣe jìnnà sí yín tó.

Ohun kejì tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ ni ìgbà tó máa ń padà wá. Sátẹ́láìtì irú èyí máa ń yí ayé po ní nǹkan bí 90 ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ayé náà kò dúró, ó ń yí lábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, nígbàkigbà tí sátẹ́láìtì bá yí po tán, ó máa ń gba apá ìwọ̀-oòrùn ọ̀nà tó gbà tẹ́lẹ̀, ní nǹkan bí dígírì 22. Ọmọ tó bá mọ ìgbà tó kọjá lórí Kettering láàárọ̀ lè fi ìṣirò mọ ìgbà tí yóò tún kọjá, àti apá ibi tí yóò ti yọ. Ìṣirò yìí làwọn ọmọ náà ń ṣe lójoojúmọ́, ọdún dé, ọdún lọ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Orúkọ kan ṣoṣo fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún

Láti March 1962 ni ìjọba Soviet ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀pọ̀ sátẹ́láìtì rẹ̀ lórúkọ kan náà: Kosmos. Kosmos 1, Kosmos 2, Kosmos 3, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kà á lọ. Bí wọ́n bá rán ọ̀kan lọ sókè, ilé iṣẹ́ ìròyìn wọn á kéde pé Kosmos tuntun ti gbéra láti lọ ṣèwádìí ojú òfuurufú. Wọ́n á sọ iye ìṣẹ́jú tó fi ń yí ayé po, wọ́n á sọ bó ṣe ga tó, wọ́n á sì sọ igun tí ọ̀nà rẹ̀ fi dábùú ìlà agbedeméjì ayé. Wọn ò ní sọ iṣẹ́ tó lọ ṣe, wọn ò sì ní sọ ibi tó ti gbéra.

Ọgbọ́n nìyẹn. Bí gbogbo ọmọ inú ilé bá ń jẹ́ orúkọ kan náà, àlejò ò ní mọ èyí tó ń jalè. Nínú àwọn Kosmos yìí, àwọn kan jẹ́ ti ìwádìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ kámẹ́rà amí tí ń jẹ́ Zenit. Nígbà yẹn, fíìmù ni kámẹ́rà ń lò, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè fọ fíìmù náà dáadáa lókè kí wọ́n fi ránṣẹ́ bí a ṣe ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àfi kí kámẹ́rà náà bọ̀ wálé tòun ti fíìmù.

Ibẹ̀ ni àwọn ará Kettering ti mú wọn. Wọ́n ṣàkíyèsí pé àwọn Kosmos kan máa ń ké fún nǹkan bí ọjọ́ 8, lẹ́yìn náà wọ́n á dákẹ́, wọn ò sì ní padà wá mọ́. Sátẹ́láìtì tó lọ ṣèwádìí kò ní ìdí láti máa sáré bọ̀ wálé lọ́jọ́ kẹjọ. Àfi bó bá ní ohun kan nínú tí ẹnì kan ń dúró dè nílé. Wọn ò rí kámẹ́rà, wọn ò rí fíìmù. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rédíò ló sọ fún wọn.

Ọsàn, rọ́bà, àti oríta

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná. Bẹ́ ẹ bá ní ọsàn nílé, ẹ mú un, kí ẹ sì fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan dè é yí po, kí rọ́bà náà gba àárín gbùngbùn ọsàn. Ọsàn ni ayé wa, rọ́bà ni ọ̀nà sátẹ́láìtì. Rọ́bà náà lè dùbúlẹ̀ gbalaja lórí ìlà agbedeméjì, ó lè nàró ṣánṣán láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì lè dà gẹ̀rẹ́ láàárín méjèèjì. Bó ṣe dà gẹ̀rẹ́ sí yẹn ni igun tí mo ń sọ.

Igun yìí kì í parọ́. Bí sátẹ́láìtì bá ti wà lókè tán, yíyí rọ́bà yẹn padà nira púpọ̀, nítorí ó ń jẹ epo gan-an. Nítorí náà, igun tí wọ́n bá fi gbéra ni wọ́n sábà máa ń bá lọ. Lójú ọ̀nà yẹn kan náà, níbì kan lórí ilẹ̀, ni ibi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ti gbéra wà.

Títí di ìgbà yẹn, gbogbo ayé mọ̀ pé ibùdó ńlá kan wà ní Baikonur, ní Kazakhstan, níbi tí Yuri Gagarin ti gbéra lọ́dún 1961. Ṣùgbọ́n ní March 17, 1966, Kosmos 112 gbéra. Igun rẹ̀ jẹ́ dígírì 72. Perry ò rí irú igun yẹn rí lára àwọn Kosmos tó ti ń tọ̀. Nígbà tí wọ́n sì fi ìṣirò tọ ọ̀nà rẹ̀ padà sẹ́yìn, ó ṣòro láti mú un bá Baikonur mu. Ó dà bí ìgbà tí ẹ bá rí ọkọ̀ tó kọ Ìbàdàn sára, tó wá ń ti ọ̀nà Badagry bọ̀. Ẹ ò ní sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Àmọ́ ìlà kan ṣoṣo kò tó láti fi mú olè. Ìlà yẹn gùn, ó sì gba orí ilẹ̀ tó pọ̀ kọjá. Ibi tí sátẹ́láìtì ti gbéra lè wà níbikíbi lórí rẹ̀. Wọ́n ní láti dúró. Wọ́n dúró títí di October 14, 1966, nígbà tí Kosmos 129 lọ sókè. Igun tirẹ̀ yàtọ̀, nǹkan bíi dígírì 65. Wọ́n tún tọ ọ̀nà èyí náà padà sẹ́yìn lórí máàpù.

Ìlà méjèèjì pàdé, wọ́n sì di oríta. Oríta náà bọ́ sí àríwá Rọ́ṣíà, ní gúúsù ìlú Arkhangelsk, níbi tí igbó àti òtútù pọ̀ sí, nítòsí ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Plesetsk. Lójú máàpù ti ọjọ́ yẹn, ohun tí ẹ máa rí níbẹ̀ ò ju ojú irin lọ.

Ní November 1966, Perry kọ̀wé sí ìwé ìròyìn Flight International, ó sì sọ ohun tí wọ́n rí fún gbogbo ayé. Àwọn ọmọ girama ti rí ibùdó rọ́kẹ́ẹ̀tì kejì.

Ta ni wọ́n ń fi í pamọ́ fún?

Ibi yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, nítorí òun ló mú kí n mú ìtàn yìí wá.

Ẹ lè rò pé Amẹ́ríkà ni ìjọba Soviet ń fi Plesetsk pamọ́ fún. Rárá o, Amẹ́ríkà ti mọ̀ ọ́ tipẹ́. Ọdún 1957 ni àwọn Soviet bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ibẹ̀, fún àwọn ohun ìjà ńlá tó lè fò láti ilẹ̀ kan dé ìkejì. Ní May 1, 1960, nígbà tí wọ́n já ọkọ̀ òfuurufú amí U-2 tí Gary Powers ń wà bọ́, Plesetsk wà lára ibi tí wọ́n rán an lọ yà ní fọ́tò. Ọ̀tá mọ ibẹ̀, ó sì mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn ológun Soviet náà mọ̀ dájú pé ọ̀tá mọ̀.

Ta wá ni kò mọ̀? Èmi àti ẹ̀yin. Ará ìlú tó wà ní Rọ́ṣíà, ará ìlú tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ará ìlú tó wà ní Ìlọrin. Ìjọba kan ò sọ̀rọ̀ nítorí pé òun ló ń fi nǹkan pamọ́, ìjọba kejì náà ò sọ̀rọ̀ kí wọ́n má bàa mọ bí ó ṣe mọ̀. Àwọn méjèèjì dákẹ́, àwọn ọmọ ilé ìwé ló sọ ọ́ síta.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Plesetsk ò tiẹ̀ tó ogún ọdún. Lọ́dún 1983, ìjọba Soviet jẹ́wọ́ pé ibùdó náà wà. Ṣùgbọ́n kó tó jẹ́wọ́, ẹ wo ohun tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn fà.

Ní ìdájí September 20, 1977, àwọn ará Petrozavodsk, ìlú kan ní àríwá Rọ́ṣíà, wo òkè, wọ́n rí ìmọ́lẹ̀ ńlá kan tó tàn kálẹ̀ lójú ọ̀run, tó sì na apá wálẹ̀ bí ẹran odò. Ẹ̀rù ba wọn. Àwọn kan ní àlejò láti inú ayé mìíràn ló dé. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé Kosmos 955 láti Plesetsk ni. Ọ̀rọ̀ tí gbólóhùn kan ì bá parí ni, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ gbólóhùn náà, nígbà tí ibi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ti wá kò sí lójú òfin?

Èyí tó dùn mí jù ni ti March 18, 1980. Wọ́n ń rọ epo sínú rọ́kẹ́ẹ̀tì kan ní Plesetsk, ó sì gbaná. Èèyàn 48 ló kú. Ilẹ̀ Soviet ò gbọ́. Ọdún 1989 ni ọ̀rọ̀ náà tó jáde ní gbangba. Ọdún mẹ́sàn-án ni àwọn ìyá àti ìyàwó fi ń ṣọ̀fọ̀ àwọn tó kú síbi tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ.

Ohun tí wọ́n bá sì fi pamọ́ sókè lè já bọ́ wálẹ̀. Sputnik 4, èyí tí Slater gbọ́ lórí rédíò lọ́jọ́ kìíní yẹn, ègé irin kan láti ara rẹ̀ já bọ́ sójú títì ní ìlú Manitowoc, ní Amẹ́ríkà, ní September 1962. Ìwúwo rẹ̀ tó nǹkan bíi kílò 9. Ní January 24, 1978, Kosmos 954 já bọ́ sí àríwá Kánádà. Iná átọ́míìkì ló ń lò, ohun olóró inú rẹ̀ sì tú ká lórí ilẹ̀ tó gùn tó nǹkan bí 600 kìlómítà. Kánádà ní kí Soviet san owó tó lé ní mílíọ̀nù 6 dọ́là Kánádà fún ìmọ́tótó rẹ̀. Mílíọ̀nù 3 ni wọ́n san. Ẹni tí irin lè já bọ́ lé lórí, ṣé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀ pé irin wà lókè?

Nàìjíríà dé oríta yẹn

Ẹ̀yin kan á máa sọ pé, "Ìwọ náà, ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó lèyí." Ó dáa. Ní September 27, 2003, Nàìjíríà rán sátẹ́láìtì rẹ̀ àkọ́kọ́, NigeriaSat-1, lọ sókè. Ilé iṣẹ́ kan ní Guildford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló bá wa kọ́ ọ. Ẹ mọ ibi tó ti gbéra? Plesetsk. Ibi tí kò sí lójú òfin fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àsíá wa gbà lọ sókè. Irú rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé e, Kosmos-3M ni wọ́n ń pè é.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ so ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí pọ̀, mo rẹ́rìn-ín. Ìkọ̀kọ̀ ológun ti di ibùdókọ̀ tí orílẹ̀-èdè ń sanwó láti wọ̀.

Lọ́dún 2017, ọ̀rọ̀ náà tún sún mọ́ ilé sí i. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Ákùúrẹ́, tí a mọ̀ sí FUTA, lọ́wọ́ sí sátẹ́láìtì kékeré kan tí ń jẹ́ Nigeria EduSat-1, pẹ̀lú Kyushu Institute of Technology ní Japan. Àpótí kékeré ni, sẹ̀ǹtímítà 10 ní ìbú àti òró. Ní oṣù July ọdún yẹn, wọ́n tì í síta láti inú ibùdó òfuurufú ISS, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́rin tó jẹ́ ti Ghana, Japan, Mongolia àti Bangladesh.

Bí àwọn àpótí kékeré bá jáde pọ̀ báyìí, wàhálà kan wà níbẹ̀. Rédà tó ń ṣọ́ òkè máa ń rí wọn bí ẹ̀kún ìyẹ̀fun lásán. Ó mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀, kò mọ èyí tó jẹ́ ti ta. Ọ̀nà tí àwọn ará Kettering lò ni wọ́n tún fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀: ẹ gbọ́ ohùn èyí tó ń ké, ẹ wo bí ohùn rẹ̀ ṣe já wálẹ̀, ẹ fi wé ọ̀nà tí rédà rí, èyí tó bá bára mu ni tiyín.

Àwọn ọmọ Kettering tòní

Ẹ má rò pé àwọn Soviet nìkan ló ń fi nǹkan pamọ́. Amẹ́ríkà ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọ̀nà àwọn sátẹ́láìtì tó pọ̀ jù láyé, ó sì ń fi han gbogbo èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá kan ti àwọn amí tirẹ̀, ó máa ń fò ó. Àwọn aládàáni ló ń dí àlàfo yẹn. Àwọn wọ̀nyí máa ń lo ojú, awò awọ̀nàjíjìn àti aago tí a ń tẹ̀ dúró.

Ọ̀nà tiwọn náà rọrùn láti ṣàlàyé. Lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó ṣì ń tàn sára ohun tó ga lókè. Ìdí nìyẹn tí sátẹ́láìtì fi máa ń hàn bí ìràwọ̀ tó ń rìn. Àwọn ìràwọ̀ gidi kì í kúrò lójú kan láàárín ara wọn, a sì mọ ibi tí wọ́n wà. Ẹ fi wọ́n ṣe òpó iná ojú títì. Ní ìgbà tí sátẹ́láìtì bá kọjá láàárín ìràwọ̀ méjì tí ẹ mọ̀, ẹ tẹ aago. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kí ẹlòmíì tó wà ní ìlú mìíràn náà ṣe é. Ẹ kó àkókò yín pọ̀, ìṣirò á fi ọ̀nà rẹ̀ hàn yín. Bí ọ̀nà náà ò bá sí nínú àkọsílẹ̀ gbangba, ẹ ti rí ẹni tó ń sá pamọ́ nìyẹn.

Ní April 22, 2010, ilé iṣẹ́ ológun òfuurufú Amẹ́ríkà rán X-37B lọ sókè, ọkọ̀ kékeré tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀. Wọn ò sọ ọ̀nà tó gbà. Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi rí i. Ní May 20, Greg Roberts rí i láti Cape Town, ní Gúúsù Áfíríkà, Kevin Fetter sì rí i láti Kánádà. Ted Molczan ní Toronto sì wà lára àwọn tó ṣe ìṣirò rẹ̀. Igun ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi dígírì 40. Èyí túmọ̀ sí pé ó ń kọjá lókè ilẹ̀ tiwa náà. Èkó, Ìbàdàn, Kútọnu, gbogbo wọn wà lábẹ́ ọ̀nà rẹ̀. Ojú kan láti Áfíríkà ló wà lára àwọn tó sọ fún wa.

Nígbà mìíràn, ohun tí wọ́n rí kì í ṣe àṣírí, ohun tó sọnù ni. NASA ní sátẹ́láìtì kan tí ń jẹ́ IMAGE, tó gbéra ní March 2000. Ní December 2005, ó dákẹ́. Wọ́n pè é títí, kò jẹ́. Wọ́n gbà pé ó ti kú. Ní January 20, 2018, Scott Tilley, tó ń gbé ní British Columbia ní Kánádà, ń fi rédíò wá sátẹ́láìtì amí Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Zuma. Kò rí Zuma. Ohùn mìíràn ló gbọ́. Ó fi bí ohùn náà ṣe ń já wálẹ̀ wé ọ̀nà àwọn sátẹ́láìtì tó wà nínú àkọsílẹ̀, ó sì bọ́ sí nọ́ńbà 26113. IMAGE ni. Lẹ́yìn ọdún 12, òkú ń sọ̀rọ̀. NASA fúnra rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ kí oṣù náà tó parí.

Ẹ̀kọ́ tí Perry fi Sputnik 4 kọ́ àwọn ọmọ lọ́dún 1960, òun náà ni Tilley lò lọ́dún 2018.

Ṣé ó yẹ kí wọ́n máa sọ ọ́?

Àwọn kan ń bínú sí àwọn èèyàn wọ̀nyí. Wọ́n ní bí ẹ bá ń sọ ọ̀nà sátẹ́láìtì amí síta, ẹ ń ran ọ̀tá lọ́wọ́. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Amí tó ń wo ohun ìjà lè dá ogun dúró nígbà mìíràn, torí pé ẹni tó bá rí ohun tí aládùúgbò rẹ̀ ní kì í tètè jáyà.

Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ wo Plesetsk. Ìjọba tó ní rédà kò dúró de ọmọ ilé ìwé kó tó mọ ohun tó ń kọjá lórí rẹ̀. Ohun tí ẹnì kan lè fi awò àti aago rí láti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ẹ jẹ́ kó dá wa lójú pé ọ̀tá tó lówó lọ́wọ́ ti rí i. Bí àwọn aládàáni bá dákẹ́, ará ìlú nìkan ló máa wà lókùnkùn. Ojú ọ̀run ò dà bí àgọ́ ológun tí a lè mọ odi yí ká. Ẹni tó bá gbé nǹkan síbẹ̀ ti gbé e sórí gbogbo wa.

Geoffrey Perry gba oyè MBE lọ́wọ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1973. Ó kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000, lẹ́yìn tí Soviet Union fúnra rẹ̀ ti túká. Plesetsk ṣì ń rán rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sókè títí dòní.

Ẹ̀yin tó ní fóònù lọ́wọ́, irinṣẹ́ yín ti ju ti àwọn ọmọ girama yẹn lọ. Aago inú fóònù yín pé ju aago tí wọ́n lò lọ. Áàpù ọ̀fẹ́ wà tó máa sọ ìgbà tí ISS yóò kọjá lórí àdúgbò yín fún yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyẹn. Ó mọ́lẹ̀ débi pé iná Èkó pàápàá kò lè bò ó. Ẹ kọ ìgbà tí ẹ rí i sílẹ̀, ẹ kọ apá ibi tó ti yọ àti ibi tó wọ̀ sí. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó bá fẹ́ ti rédíò, ẹgbẹ́ kan wà tí ń jẹ́ SatNOGS, tí ó bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gíríìsì lọ́dún 2014. Wọ́n so rédíò àwọn aládàáni pọ̀ káàkiri ayé, gbogbo ohun tí wọ́n bá gbọ́ wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, àwòrán bí wọ́n ṣe ń kọ́ irinṣẹ́ wọn náà sì wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí tíṣà físíìsì kan bá sì wà nínú yín tó ń gbọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú àwọn ọmọ jáde síta nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ kó bíró àti ìwé dání. Ohun tó bá kọjá tí kò sí lórí áàpù, ẹ kọ àkókò rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi.

Ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ máa wòkè o.